Síìdì Windows tí update ti wà nínú ẹ̀: ìrírí mi nídìí iṣẹ́ yìí

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mo dúró sí kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Lójú tèmi o, ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ èèyàn pé òun fẹ́ bá a format láptọ́ọ̀pù, kò yẹ kó gbé Windows ọdún mélòó kan sẹ́yìn lé e lórí kó wá ní "tẹ́ ẹ bá délé kẹ́ ẹ ṣe update o". Update wo? Dátà wo ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é, iná wo ló fẹ́ dúró títí táá fi parí? Ẹni tó gbé láptọ́ọ̀pù wá láti Mọ́níyà, tó jẹ́ pé hotspot fóònù ẹ̀ ló fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń ra dátà díẹ̀ díẹ̀, ẹ wá ní kó lọ fa ọ̀pọ̀ gígàbáítì wálẹ̀ nítorí update, kò ní ṣe é láéláé, ẹni tó máa bá a pa update yẹn ló máa wá, ẹ̀rọ náà á wá wà bẹ́ẹ̀ láìní ààbò, fláàṣì tí wọ́n bá sì ti kì bọ̀ ọ́ ló máa kó fáírọ́ọ̀sì ràn án.

Ìdí tí mo fi ń ṣe síìdì tèmi nìyẹn. Agbowó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níwájú géètì UI n'Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn oní-business centre ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ wá bá wa. Síìdì tí mò ń wí yìí, Windows tí Microsoft ṣe náà ni, mo kàn ti ṣí i ni, mo ti kó update àti driver (software kékeré tó ń jẹ́ kí Windows mọ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ lò) tó yẹ sínú ẹ̀, mo sì ti dì í padà, tó fi jẹ́ pé bí Windows ṣe ń jókòó sórí ẹ̀rọ ni update náà ń bá a jókòó, ẹ̀rọ ò sì tíì fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Síìdì la ṣì ń pè é, fláàṣì ni mo sì máa ń lò jù báyìí.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, XP ló wà nílẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ fún wa nípa August 2003, ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Blaster jáde. Blaster yìí ò nílò kéèyàn tẹ nǹkankan, kò nílò kéèyàn ṣí fáìlì kankan, kí XP tí wọn ò tíì tún ṣe ṣáà ti wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti bá a nìyẹn, ẹ máa rí i tí àkọlé kan máa jáde pé ẹ̀rọ fẹ́ pa ara ẹ̀, á máa ka ìṣẹ́jú àáyá 60 bọ̀ wálẹ̀, tó bá ti pé, ó ti kú. Ohun tó wá le níbẹ̀ ni pé Microsoft ti gbé oògùn ẹ̀ jáde láti July ọdún yẹn, MS03-026 ni wọ́n pè é, àmọ́ kéèyàn tó lè fa oògùn náà wálẹ̀ àfi kó wọ íntánẹ́ẹ̀tì, bó bá sì ti wọ íntánẹ́ẹ̀tì, Blaster ti ṣáájú oògùn débẹ̀. Ọ̀gá mi ní ọdún yẹn lòun ti mọ̀ pé inú síìdì ló yẹ kí update ti máa bá Windows wá. Ó sì kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

SP3 ti XP, ìyẹn Service Pack kẹta, àkójọ update ńlá, jáde ní 2008, òun la sì ń kó sínú síìdì nígbà yẹn. Kò le. Ẹ máa da gbogbo ohun tó wà nínú síìdì XP sí fódà kan, ká ní C:\XPCD, ẹ máa pe fáìlì SP3 pẹ̀lú /integrate:C:\XPCD, ó máa wọ inú fódà i386 lọ, á pààrọ̀ àwọn fáìlì àtijọ́ fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn la máa wá fi software kan tó ń jẹ́ nLite kó àwọn update tó jáde lẹ́yìn SP3 kún un, àti driver SATA, ìyẹn ọ̀nà tí háàdì díìsìkì fi ń so mọ́ ẹ̀rọ. Driver SATA yẹn ló mú kí n fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an, torí láptọ́ọ̀pù tí háàdì díìsìkì ẹ̀ bá ń lo ìlànà SATA tuntun tí wọ́n ń pè ní AHCI, síìdì XP lásán kì í rí i, ojú búlúù ló máa gbé jáde, 0x0000007B, àwọn kan á sì sọ fún oní-láptọ́ọ̀pù pé háàdì díìsìkì ẹ̀ ti lọ, kó lọ ra òmíì. Mo mọ àwọn tó ra òmíì. Háàdì díìsìkì tí nǹkankan ò ṣe ni wọ́n gbé jù sílẹ̀, ohun tó kù díẹ̀ káàtó ò ju driver kékeré kan lọ, èyí tó yẹ kó ti wà nínú síìdì. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí.

Àmọ́ Windows 7 ló gba ọwọ́ mi jù, torí ó pẹ́ lọ́dọ̀ wa. SP1 ẹ̀ jáde ní February 2011, SP2 ò sì jáde mọ́ láéláé, update kéékèèké ló wá ń rọ́ jáde lóṣooṣù, nígbà tó fi máa di 2016, ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi SP1 sí máa ń béèrè update tó lé ní igba. Ó tún wá di pé kí Windows 7 tó mọ update tó ń wá gan-an, ó lè jókòó sórí "Checking for updates" fún wákàtí gbọọrọ, svchost, apá Windows tó ń wá update náà, á gba mẹ́mọ́rì tán, fáànù á máa pariwo, kò sì tíì fa nǹkankan wálẹ̀ o. Ẹni tó wà lórí jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ẹ ṣírò epo yẹn.

Ní May 2016 ni Microsoft wá kó gbogbo ohun tó jáde lẹ́yìn SP1 títí dé April ọdún yẹn pọ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo, nọ́ńbà tí wọ́n fún un ni KB3125574, èyí tó wà fún 64-bit lé ní 450 MB. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ. Dátà òru ni mo fi fà á, mo sì fi pamọ́ sí háàdì díìsìkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n fáìlì yẹn ní ohun tó kọ́kọ́ ń béèrè: KB3020369 tó jáde ní April 2015 gbọ́dọ̀ ti wà nínú Windows náà kó tó gbà, tí ò bá sí níbẹ̀, kò ní wọlé.

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú tí wọ́n fi ń pa iṣẹ́ yìí tì. Update ní ètò, wọn kì í wọlé bó ṣe wu èèyàn. Nínú Windows fúnra ẹ̀, apá kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó gba update wọlé kó sì tò wọ́n sí àyè wọn lọ, servicing stack ni wọ́n ń pè é. Apá yìí náà máa ń darúgbó. Tó bá ti darúgbó, tẹ́ ẹ gbé update tuntun fún un, kò ní mọ̀ ọ́n kà, á ní update yìí ò bá Windows yìí mu, ẹ̀yin á rò pé fáìlì tẹ́ ẹ fà wálẹ̀ ni ò pé, ẹ máa tún un fà, dátà ń lọ, àbájáde kan náà lẹ máa rí. Ta ló ń kan páànù kó tó mọ ògiri? Update servicing stack, irú KB3020369 yẹn, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé, kí àwọn tó kù tó tẹ̀lé e.

Ní 2019 ètò yẹn tún gùn sí i. Microsoft fẹ́ pa ọ̀nà tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí update, kí Windows lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá, tì, wọ́n kúrò lórí SHA-1 bọ́ sórí SHA-2, láti August ọdún yẹn, update Windows 7 tó bá jáde, SHA-2 nìkan ló máa ń gbé wá. Windows 7 àtilẹ̀wá ò mọ SHA-2 yẹn dáadáa, àfi tí KB4490628 àti KB4474419 bá ti wà lára ẹ̀. Nítorí náà, síìdì Windows 7 tí mo ṣe gbẹ̀yìn, bí mo ṣe tò ó rèé: ISO SP1 látọwọ́ Microsoft (ISO ni fáìlì kan ṣoṣo tó jẹ́ ẹ̀dà odindi síìdì), KB3020369, KB3125574, KB4490628, KB4474419, Internet Explorer 11 (kò sí nínú àkójọ 2016 yẹn, lọ́tọ̀ ni mo kó o), KB4534310 wá kẹ́yìn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn jáde ní 14 January 2020, ọjọ́ tí ọ̀fẹ́ parí fún Windows 7. Mo ṣì máa ń rí ẹni tó ń béèrè fún síìdì yìí nítorí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tàbí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tí driver ẹ̀ ò kọjá Windows 7, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má so irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ gan-an ò pọ̀. DISM, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣí Windows tó wà nínú fáìlì kí wọ́n lè tún un ṣe, ti wà nínú Windows 7 fúnra ẹ̀, ẹ ò nílò láti ra nǹkankan. Ẹ máa da ISO sí fódà kan, nínú fódà sources lẹ máa ti rí install.wim, inú ẹ̀ ni Windows wà. Ẹ lo dism /Get-WimInfo kẹ́ ẹ lè rí oríṣi tó wà nínú ẹ̀ àti nọ́ńbà wọn, Home Basic, Home Premium, Professional, Ultimate, oríṣi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá kó update sínú ọ̀kan, kò kan èyí tó kù o, lọ́tọ̀ lọ́tọ̀ lẹ máa ṣe é. Èmi, Professional nìkan ni mo máa ń ṣe fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, torí òun ló wà lára sítíkà tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, EliteBook, Latitude, ThinkPad, ẹ̀rọ ọ́fíìsì ni wọ́n nílùú òyìnbó kí wọ́n tó kó wọn wá. Ẹ máa fi /Mount-Wim ṣí i sí fódà òfìfo, ẹ máa fi /Add-Package kó update sínú ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe tò wọ́n yẹn, ẹ máa fi /Unmount-Wim pẹ̀lú /Commit tì í padà. Oscdimg, irinṣẹ́ Microsoft míì, ni mo máa ń fi sọ fódà náà di ISO lẹ́yìn náà.

Ohun tó le níbẹ̀ ni iná. Tí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí /Commit ń lọ lọ́wọ́, install.wim yẹn lè bàjẹ́ pátápátá, fódà tẹ́ ẹ sì fi ṣí i á há síbẹ̀, kò ní ṣeé parẹ́, /Cleanup-Wim lẹ máa lò láti fi tú u. Nítorí náà mi ò kì í fi desktop ṣe é, láptọ́ọ̀pù tí bátìrì ẹ̀ lágbára dáadáa ni, tó sì ní SSD, torí lórí háàdì díìsìkì lásán, ó lè jẹ́ gbogbo ọ̀sán lẹ máa fi dúró dè é. Mo sì máa ń da install.wim àkọ́kọ́ sí ibòmíì kí n tó fọwọ́ kàn án. Tó bá bàjẹ́, mo padà síbẹ̀, mi ò ní tún fa ISO mọ́.

Yàtọ̀ sí install.wim, boot.wim náà wà o, ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé ẹ̀. Òun ló máa ń kọ́kọ́ jí nígbà tẹ́ ẹ bá tan ẹ̀rọ pẹ̀lú síìdì, kí ojú ibi tẹ́ ẹ ti ń yan nǹkan tó yọ. Nígbà tí àwọn ẹ̀rọ Skylake ti Intel jáde ní 2015, Intel ti yọ ọ̀nà USB 2 àtijọ́ kúrò lára wọn, xHCI tó jẹ́ ti USB 3 nìkan ló kù, Windows 7 ò sì ní driver ẹ̀. Ẹ máa rí i, ẹ̀rọ á jí látorí fláàṣì dáadáa, ó kù kẹ́ ẹ tẹ "Next", máòsì ò ní gbọ́, kíbọ́ọ̀dù ò ní gbọ́, á tún wá ní driver CD/DVD ò sí, bẹ́ẹ̀ fláàṣì lẹ fi sí i. Èèyàn lè rò pé ẹ̀rọ ti ṣíwèrè. Driver USB 3 ló ń wá, inú boot.wim sì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó o sí, nọ́ńbà 2 tó jẹ́ ti Setup pàápàá, kẹ́ ẹ tún wá kó o sínú install.wim, torí tó bá wà nínú boot.wim nìkan, ẹ máa parí iṣẹ́ tán, Windows á jí, máòsì á tún kú. Ẹ̀rọ tó ń lo NVMe, irú SSD tó yára jù, náà nìyẹn, KB2990941 àti KB3087873 la fi ń tún ìyẹn ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ wà nínú méjèèjì.

Àwọn update kan wà tí kò ní gbà kẹ́ ẹ kó òun sínú wim. .NET 4.8, tí ọ̀pọ̀ software máa ń gùn lé kí wọ́n tó ṣiṣẹ́, jẹ́ ọ̀kan, fáìlì exe ni, ó fẹ́ kí Windows wà láàyè kó tó wọlé. Fún irú ìyẹn, ẹ ṣẹ̀dá fódà $OEM$\$$\Setup\Scripts sínú sources, ẹ kọ SetupComplete.cmd síbẹ̀, Windows á ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kọ sínú ẹ̀ fúnra ẹ̀ kí ojú àkọ́kọ́ tó yọ.

Àwọn nǹkan kéékèèké tún wà tí mo gbà pé àwa ará ibí gbọ́dọ̀ máa ṣe, torí ẹlòmíì ò ní bá wa ṣe é. Àkọ́kọ́ ni aago. ISO Amẹ́ríkà máa ń gbé aago Pacific wá, wákàtí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló fi yàtọ̀ sí tiwa, kọ́sítọ́mà á kàn máa yí aago náà síwájú pẹ̀lú ọwọ́, kò ní yí àdúgbò ẹ̀, gbogbo ìmeèlì ẹ̀ á wá máa gbé àkókò tó ṣàjèjì. Ìlà kan ló máa ń tún un ṣe, /Set-TimeZone:"W. Central Africa Standard Time", ó tán. Èkejì ni kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Láti Windows 7 ló ti wà nínú Windows, nọ́ńbà ẹ̀ ni 0000046a, mo sì máa ń fi /Set-InputLocale:0409:00000409;046a:0000046a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, tó fi jẹ́ pé Alt àti Shift péré lẹ máa tẹ̀ kó yí sí ti Yorùbá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka Yorùbá ní UI tí wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù wá, tí wọ́n ti ń da ẹ àti ọ kọ láti inú Word ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ò rí bí ojú wọn ṣe máa ń rí tí mo bá fi hàn wọ́n. Ọ̀kan ní "ẹ̀gbọ́n, èló ni mo máa san fún èyí?" Mo ní kò sí owó kankan, inú Windows ló ti wà tẹ́lẹ̀, mo kàn ṣílẹ̀kùn ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tí mi ò ní kó sínú síìdì láéláé, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń bí mi nínú.

Mi ò ní yọ nǹkankan kúrò nínú Windows. Àwọn kan wà tó máa ń ta Windows tí wọ́n ní ó fúyẹ́, wọ́n ti gé e kù díẹ̀, wọ́n ní á yára lórí 2 GB RAM. Màmá kan tó ní business centre gbé kọ̀ǹpútà wọn wá bá mi, wọ́n ní "ọmọ mi, bá mi wò ó, látìgbà tí wọ́n ti bá mi format ẹ̀ ni printer ò ti gbọ́ tèmi mọ́, mo ti ra okùn tuntun, mo ti ra íńkì tuntun". Mo ní "ẹ fara balẹ̀ Mà, ẹ jẹ́ n wò ó". Mo ṣí Services, Print Spooler ò sí níbẹ̀. Mi ò ní wọ́n pa á o, kò sí rárá, ẹni tó ṣe síìdì yẹn ti gé e dànù kí Windows lè fúyẹ́. Print Spooler yẹn ló ń gbé iṣẹ́ lọ fún printer, màmá tó sì jẹ́ pé ìwé ni wọ́n ń tẹ̀ jáde jẹun! Ohun tó tún burú ni pé Windows tí wọ́n bá ti gé báyìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í gba update mọ́, torí update ń wá àwọn fáìlì tó yẹ kó tún ṣe, kò rí wọn, á kọ̀. Ẹ̀rọ náà á wá dúró sójú kan títí ayé.

Mi ò ní kó activator, ìyẹn software tí wọ́n fi ń ṣí Windows láìra á, tàbí kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni sínú ẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá gbé sítíkà Windows 7 wá, kọ́kọ́rọ́ ara ẹ̀ la máa lò, ẹ̀rọ tó bá gbé Windows 8 sókè wá, inú BIOS ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sábà máa ń wà, Setup á kà á fúnra ẹ̀. Àwọn activator wọ̀nyẹn, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ní kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ pa Defender tó ń ṣọ́ Windows lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ lé ọdẹ lọ kóun tó wọlé, kí lẹ rò pé ó ń bọ̀ wá ṣe?

Èyí tó lágbára jù, mi ò ní kọ ọ́ sínú autounattend.xml pé kó nu díìsìkì. Fáìlì yẹn ló máa ń dáhùn ìbéèrè Setup fún yín, ó wúlò, mo máa ń lò ó fún èdè àti kíbọ́ọ̀dù. Àmọ́ ìlà kan wà tó ń jẹ́ WillWipeDisk, tẹ́ ẹ bá kọ true síbẹ̀, tí ẹ̀rọ bá ṣáà ti jí látorí fláàṣì yẹn, kò ní béèrè nǹkankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á nu gbogbo díìsìkì, C àti D lápapọ̀. Ọmọ final year kan fi fláàṣì tó rà níbì kan tún láptọ́ọ̀pù ẹ̀ ṣe, orí D ni project ẹ̀ wà, wọ́n sì ti sọ fún un pé format C kì í kan D. Òótọ́ ni, kì í kàn án, àmọ́ fláàṣì yẹn ò format C, ó nu gbogbo ẹ̀. A fi software tó ń wá fáìlì padà wá a, a rí chapter mélòó kan, data tó fi oṣù gbáko kó jọ ò jáde. Ọmọ yẹn jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wa títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tó kọ ìlà yẹn ń wá bí òun ò ṣe ní tẹ kíbọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tó fi wá a nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ rí i pé ISO tẹ́ ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ mọ́. certutil -hashfile pẹ̀lú SHA256 lẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ fi wé èyí tí Microsoft gbé síta. Tí ìpìlẹ̀ bá ti ní ọwọ́ ẹlòmíì nínú, gbogbo update tẹ́ ẹ bá kó lé e lórí ò nítumọ̀.

Èrè iṣẹ́ yìí hàn sí mi kedere ní May 2017. Friday ọjọ́ 12 ni fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní WannaCry bẹ̀rẹ̀, ó dé àwọn ọsibítù ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹbí wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sílé pé kọ̀ǹpútà ò ṣiṣẹ́, ìwé ni àwọn fi ń kọ nǹkan. Windows 7 ló pọ̀ jù nínú àwọn tó mú. Update tó dí ihò tó ń gbà wọlé, MS17-010, ti jáde láti 14 March, bí oṣù méjì ṣáájú. Mo ti kó ti March yẹn sínú síìdì mi, gbogbo ẹ̀rọ tó kúrò lọ́wọ́ wa láti ìgbà yẹn ló ti ní in lára. Àwọn tó ṣáájú ìyẹn, èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ fi fláàṣì gbé KB4012212 káàkiri àwọn business centre tó wà ládùúgbò, ilé sí ilé, a ò gba kọ́bọ̀.

Kí n tó fún ẹnikẹ́ni ní síìdì tuntun, inú VirtualBox, software tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà, ni mo ti kọ́kọ́ máa ń gbé e kalẹ̀, mo máa yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀, mo máa fi winver wo irú Windows tó wà níbẹ̀, mo máa fi dism /Online /Get-Packages wo bóyá ohun tí mo kó wọlé wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo máa fi sfc /scannow wo bóyá fáìlì Windows kankan ti bàjẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó máa gbé e sórí láptọ́ọ̀pù gidi, torí VirtualBox ò ní sọ ọ̀rọ̀ driver fún yín.

Windows 10 rọrùn ju 7 lọ níbi kan, torí update oṣù kan ti ní ti gbogbo oṣù tó ṣáájú nínú, láti 2021 servicing stack sì ti ń bá a wá nínú fáìlì kan náà. Àmọ́ ètò ṣì wà. Software ìṣírò owó àti ti ilé ìwé tí àwọn èèyàn wa ń lò, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló ń béèrè .NET 3.5, Windows á sì ní òun fẹ́ lọ fà á wá láti íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú sources\sxs lórí síìdì fúnra ẹ̀. /Enable-Feature /FeatureName:NetFx3 ni mo fi ń ṣí i, kí n tó kó update oṣù wọlé, tí update bá ti ṣáájú ẹ̀, ẹ tún máa padà kó update náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, install.wim lè kọjá 4 GB, fláàṣì FAT32 ò sì lè gba fáìlì tó tó bẹ́ẹ̀, /Split-Image pẹ̀lú /FileSize:3800 á là á sí install.swm, Setup mọ̀ ọ́n kà bẹ́ẹ̀.

Windows 11 24H2, ẹ̀dà tó jáde ní 2024, tún mú tiẹ̀ wá. Update ibẹ̀ ń gun orí ara wọn, wọ́n ní checkpoint, ìyẹn update ìpìlẹ̀ tí àwọn tó tẹ̀lé e ń gùn lé, àkọ́kọ́ ni KB5043080 ti September 2024, tẹ́ ẹ bá gbé update tuntun nìkan fún DISM, ó lè kọ̀. Ẹ kó checkpoint àti èyí tuntun sínú fódà kan náà, kẹ́ ẹ wá nawọ́ sí èyí tuntun, DISM á wá èyí tó kù fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì tún boot.wim ṣe, ẹ mú setup.exe àti setuphost.exe inú ẹ̀, kẹ́ ẹ fi rọ́pò èyí tó wà nínú sources, torí tí ọjọ́ orí wọn ò bá dọ́gba, Setup lè dá iṣẹ́ dúró lágbedeméjì.

Ìbéèrè tó wà lójú ọ̀nà báyìí ni ti àwọn tòkunbọ̀. Ọ̀pọ̀ EliteBook àti Latitude tí wọ́n ń kó wá jẹ́ Intel 6th àti 7th generation, Windows 11 fẹ́ TPM 2.0 (chip ààbò kan) àti 8th generation sókè, Windows 10 sì parí ní 14 October 2025. Wọ́n máa ń ní kí n fi ọgbọ́n gbé 11 lé e. Ó ṣeé ṣe, mo mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n Microsoft ti sọ pé ẹ̀rọ tí kò bá kúnjú òṣùwọ̀n ò lẹ́tọ̀ọ́ sí update, mi ò sì lè máa gbé ẹ̀rọ tí update ẹ̀ lè dúró nígbàkúùgbà fún èèyàn láìsọ fún un. Kí n tó gba owó ni mo máa ń sọ ọ́, mo máa ń sọ fún wọn pé ESU, ìyẹn update ààbò àfikún, wà fún Windows 10 ẹni tó ń lò ó nílé títí di October 2026, pé Linux náà wà fún ẹni tó jẹ́ pé Word àti íntánẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe jù, mo máa ń gbé e kalẹ̀ níwájú wọn kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Àwọn kan máa ń gbà, àwọn kan á ní Windows 10 náà làwọn fẹ́. Ẹni tó bá ní 10 lòun fẹ́, 22H2, ẹ̀dà tó kẹ́yìn, tí mo kó update October 2025 sínú ẹ̀ ni mo ń fún un, mo máa ń kọ oṣù náà sórí bébà fún un, mo sì máa ń sọ ọjọ́ tó yẹ kó padà wá bá mi.